Orúkọ Tí Ọkọ Tinúọlá Kò Dúró Gbọ́

Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpùrọ́, kó kọ́kọ́ wá sí ìdí igbá mi ní Rye Lane, níbi tí mo ti ń ta irun àti gèlè, kó wò mí lójú dáadáa. Èmi Mìsítúrà lè purọ́ ọjọ́ orí mi. Mo sì lè búra fún oníbàárà pé irun tó ń já lọ́wọ́ mi, láti Íńdíà ló ti wá tààrà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ Tinúọlá àti ọkọ rẹ̀, bó ṣe rí ni mo ń sọ ọ́, n kò bù mọ́ ọn, n kò yọ níbẹ̀.

Fláàtì Tinúọlá ló wà lórí tiwa gan-an. Bó bá wọ́ àga, àwa là ń gbọ́ ọ. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, àwọn tó ń wọ sùtánà funfun láìwọ bàtà. Mùsùlùmí ni èmi àti Sàká ọkọ mi, ṣùgbọ́n ìkòkò ọbẹ̀ wa kò bá ẹnikẹ́ni jà. Nọ́ọ̀sì ni Tinúọlá, ní ọsibítù ńlá tó wà ní Camberwell. Ọmọ jẹ́jẹ́. Tí o bá bú u, á bi ọ́ bóyá o ti jẹun. Nígbà tí mò ń wí yìí, ó ti lé lọ́mọ ọgbọ̀n ọdún, kò tíì lọ́kọ. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Mummy, ti gbààwẹ̀ nítorí ẹ̀ débi pé ìró ń já bọ́ nídìí wọn.

Ìgbà náà ni Tarmo dé. Òyìnbó gíga kan ni, irun rẹ̀ funfun bí òwú, ó ń gé ẹja ní sọ́ọ̀bù ẹlẹ́ja tó kọjú sí mi. Estonia ló ní òun ti wá. Mo ní níbo ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀? Sàká, tó ń wa bọ́ọ̀sì, tó sì gbà pé kò síbi tí bọ́ọ̀sì òun ò lè dé láyé, ní ìlú kékeré kan ni lókè réré, níbi tí òkun fúnra rẹ̀ ti ń dì. Ó ní gbogbo wọn pátá kò tó ará Ìbàdàn. Kò sí ẹlòmíràn láti ibẹ̀ ní gbogbo àdúgbò wa. Ó sì hàn gbangba pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe wu Tarmo. Ìwé ìgbélùú rẹ̀ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, ní Peckham, a kì í bi ara wa nírú ìyẹn.

Lẹ́nu àwọn oníbàárà ló ti kọ́ Yorùbá. “Mummy, ẹ kú àárọ̀ o. Pánla ni àbí òbòkún?” Bẹ́ẹ̀ ló ń kí gbogbo obìnrin, àgbà àtọmọdé, á tẹ̀ba díẹ̀ tòun tọ̀bẹ lọ́wọ́. Àwa á sì bú sẹ́rìn-ín. Tinúọlá ra ẹja, ó tún ra ẹja, títí gbogbo wa fi mọ̀ pé kì í ṣe ẹja ló ń bá kiri. Inú ìjọ wọn ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀. Ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ o, kí n má purọ́ mọ́ ọn. Bí Tinúọlá bá parí iṣẹ́, á bá ọkọ rẹ̀ ní Camberwell Green, ó ń dúró dè é níbùdó bọ́ọ̀sì, ó gbé sílípáàsì rẹ̀ dání nínú ọ̀rá, nítorí ẹsẹ̀ máa ń wú àwọn nọ́ọ̀sì. Sàká ò ṣe irú ẹ̀ fún mi rí. Mo sì sọ fún un.

Ohun kan ṣoṣo ni pé ọwọ́ Tarmo tutù. A ní ẹlẹ́ja ni, látàárọ̀ ló ń tọwọ́ bọ yìnyín. Ṣùgbọ́n ó tutù bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Sunday pẹ̀lú. Tinúọlá wá sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé ìrọ̀rí ọkọ òun máa ń tutù rinrin láràárọ̀, pé bí òun bá sá a sórí hítà tó gbẹ, iyọ̀ á hàn lára rẹ̀.

“Òógùn ni,” mo ní.

“Aunty, kì í làágùn.”

Mo yí ọ̀rọ̀ padà. Kí ni ẹ fẹ́ kí n wí?

Wòlíì obìnrin kan wà ní ìjọ wọn. Lọ́jọ́ tí ó fẹ́ gbé ọwọ́ lé Tarmo lórí, ó fà sẹ́yìn bí ẹni tó fara kan iná. Ó ní òun rí omi kan tó le bíi díńgí, pé ẹnìkan wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń kàn án bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Gbogbo ìjọ pariwo halelúyà. Wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ìrìbọmi ló kù fún un! Tarmo di férémù ilẹ̀kùn mú gírí. Ó ní, “Ẹ má rì mí bọ omi. Ẹ dákun.” Wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n ní òyìnbó ń bẹ̀rù òtútù.

Báyìí ni a wà títí di oṣù karùn-ún ọdún 2004, tí orílẹ̀-èdè kékeré tirẹ̀ yìí, òun àtàwọn mìíràn, wọ ẹgbẹ́ ìṣọ̀kan àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Ayọ̀ wa kò ṣe é fẹnu sọ. Oyún Tinúọlá ti yọ nígbà náà. Mo se ìrẹsì, mo din ẹran, mo ní kí wọ́n sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó nínú tẹlifíṣọ̀n wa. Sàká na ìka sí Tarmo: “Wàhálà ìwé ti tán! O ti di ọmọ onílé. Ó yá, dọ̀bálẹ̀ fún mi, kí n súre fún ọ.”

Tarmo kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń fi àwọn ará ìlú rẹ̀ hàn, wọ́n kún ojú títì, àsíá lọ́wọ́ wọn, àwọn ọmọdé lórí èjìká bàbá wọn. Bí wọ́n ti gbé ojú àwọn èrò náà súnmọ́, tí wọ́n ń ju ọwọ́ sí wa, Tarmo dìde, ó lọ dúró sẹ́yìn tẹlifíṣọ̀n náà, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹ gbọ́ mi o. Ẹ̀yìn rẹ̀. Bíi pé àwọn tó wà nínú ẹ̀ lè rí i. Ibẹ̀ ló wà tó ti bi Sàká pé, “Ṣé wọ́n á máa bọ̀ wá síbí báyìí?”

“Wọ́n á máa bọ̀ ńkọ́! Ọ̀nà ti là. Kò sẹ́ni tó máa dá wọn dúró mọ́.”

Ojú Tarmo funfun tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n funfun tó wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, n ò fẹ́ rí irú ẹ̀ mọ́. Ìrẹsì mi sì ṣòfò.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dé lóòótọ́. A ń gbọ́ oríṣiríṣi èdè nínú bọ́ọ̀sì tí a kò gbọ́ rí. Bí Tarmo bá ti gbọ́ tiwọn, kódà kó jẹ́ gbólóhùn kan, á tẹ bẹ́ẹ̀lì, á bọ́ọ́lẹ̀, á fẹsẹ̀ rìn délé. Ó fi iṣẹ́ ẹja sílẹ̀, ó lọ ń kó ẹrù níbì kan ní Bermondsey tí kò ti sí èrò. Ẹ̀yìn náà ni Tinúọlá sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní ọkọ òun kúnlẹ̀ fún òun, ó ní kí àwọn kó lọ sí ibi tó jìnnà, ibikíbi tí àwọn èèyàn òun kò ní dé.

“Mo bi í bóyá ó jẹ gbèsè, Aunty. Ó ní rárá. Mo bi í bóyá ó pa èèyàn. Ó ní rárá. Ó kàn ní bí ẹni tó mọ òun nílé bá fojú kan òun, òun máa lọ nìyẹn.”

Ọ̀rọ̀ kan sọ sí mi lọ́kàn. Ìyá ìyá mi ní Ìwó ti sọ ọ́ fún wa nígbà tí a kéré: ẹni tó kú láìtọ́jọ́ lè lọ jókòó sí ìlú òkèèrè tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n, á ṣiṣẹ́, á fẹ́yàwó, á bímọ. Ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ pé ó ti kú bá rí i, ó parí. Àkúdàáyà ni wọ́n ń pè é. Mo ti rò pé ilé la fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ sí nígbà tí a wọ bàálù. Mo di Tinúọlá lọ́wọ́ mú, mo sọ ọ́ fún un pẹ̀lú ẹnu ara mi, mo ní, “Gbé ọkọ rẹ, kí ẹ máa lọ.”

Ó wò mí bíi pé mo ti ń sínwín. “Aunty, pẹ̀lú inú yìí? Iṣẹ́ mi ńkọ́? Mummy ńkọ́?” Ṣùgbọ́n ó ṣèlérí fún ọkọ rẹ̀ pé òun kò ní wá èèyàn rẹ̀ kankan, pé kò sì sẹ́ni tó máa mú wọn wá sílé. Ó mú ìlérí náà ṣẹ. Ìyá rẹ̀ ni kò ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni.

Ṣé ẹ mọ̀ wá. Ọmọ Yorùbá kì í sọmọ lórúkọ kí ilé bàbá ọmọ má sí níbẹ̀. Bí ẹbí bá jìnnà, a ó wá ará ìlú kan náà, a ó ní kó jókòó sípò wọn. Gbogbo wa la ti ṣe é ní London yìí. Èmi náà ti ṣe ìyá ọkọ fún ẹni tí n kò mọ̀ rí. Nígbà tí Tinúọlá bí obìnrin, Mummy bẹ̀rẹ̀: “Ọmọ mi kì í ṣe ọmọ tí a he. Ta ni yóò dúró fún ilé bàbá rẹ̀?” Tinúọlá bẹ̀ wọ́n, ó ní kí wọ́n jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀, Tarmo ò fẹ́. Mummy ní ọkùnrin wo ni kò fẹ́ ẹbí? Ojú ló ń tì í.

Ọjọ́ kẹjọ pé. Ilé kún. Bàtà gbogbo wa wà lẹ́nu ọ̀nà. Bàbá àgbà ìjọ wọn kan, Bàbá Ọbanijésù, jókòó pẹ̀lú oyin àti iyọ̀ níwájú wọn. Èmi fúnra mi ni mo bu omi inú abọ́, láti inú ẹ̀rọ ilé ìdáná Tinúọlá, omi tí gbogbo wa ń mu. Mummy kò tíì dé, a ò mọ ohun tó dá wọn dúró. Bàbá ní kí bàbá ọmọ kọ́kọ́ ti ìka bọ omi, kó fi kan ọmọ lẹ́nu. Tarmo ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ fún ojú pọ̀, ó figbe ta. Bàbá tọ́ omi náà wò, wọ́n ní, “Ta ló bu iyọ̀ sí omi yìí? A ò tíì dé ìdí iyọ̀.”

Gbogbo ojú yí sí mi. Mo bínú, mo tọ́ ọ wò. Iyọ̀ ilé ìdáná kọ́ o. Omi òkun ni. Mo dàgbà sí Èkó, mo ti gbé omi ọ̀sà mì rí, mo mọ bó ṣe ń fa ọ̀nà ọ̀fun. Ó sì tutù débi pé eyín mi ta.

Ibẹ̀ la wà tí Mummy fi ti ilẹ̀kùn wọlé, ẹ̀rín lẹ́nu. Wọ́n fa obìnrin òyìnbó kan lọ́wọ́, wọ́n ti wé gèlè fún un, ó wọ́ sápá kan. Agnes ni orúkọ rẹ̀, òun àti Mummy jọ ń tún ọ́fíìsì ṣe. “Ẹ wò ó!” Mummy ń fò sókè. “Ilé bàbá ọmọ ti dé! Estonia pọ́ńbélé! Etí òkun ibi tí Tarmo ti wá gan-an ni!”

Agnes ń rẹ́rìn-ín, ó ń tẹ̀ba bí wọ́n ti kọ́ ọ. Ó gbójú sókè, ó rí Tarmo. Gèlè bọ́ lórí rẹ̀. Ó pe orúkọ rẹ̀, ohùn rẹ̀ kò jọ ti èèyàn mọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi gẹ̀ẹ́sì tí kò dán mọ́rán sọ fún gbogbo wa pé ilé kejì sí tàwọn ni ilé wọn. Ó ní Tarmo ń pẹja lórí òkun tó ti dì, yìnyín já mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, ó sì padé lé e lórí. Ìgbà tí yìnyín yọ́ ni wọ́n tó rí òkú rẹ̀. “A sin ín. Èmi ni mo gé búrẹ́dì níbi ìsìnkú rẹ̀. Èmi ni!”

Tarmo kò wo Agnes rárá. Tinúọlá ló ń wò, bí ẹni tí bọ́ọ̀sì rẹ̀ ti dé tó sì mọ̀ pé kò níí dúró. Ó gbé abọ́ náà nílẹ̀, ó ní, “Tinú, jẹ́ kí n lọ pààrọ̀ omi yìí. Ó ti níyọ̀.” Ó wọ ilé ìdáná. A gbọ́ tí ó ṣí ẹ̀rọ omi.

Ẹ̀rọ ń sá, Agnes ń sunkún, Mummy ń bi gbogbo wa pé kí ló dé, kí ló dé. Ẹ̀rọ ṣì ń sá. Tinúọlá gbé ọmọ lé mi lọ́wọ́, ó wọlé lọ. N kò gbọ́ igbe. Ohun tó dẹ́rù bà mí jù nìyẹn. Nígbà tí a wọlé bá a, abọ́ wà lábẹ́ ẹ̀rọ, omi ń ṣàn dà nù lára rẹ̀, kò sí Tarmo. Ilé ìdáná náà kò ní ilẹ̀kùn mìíràn. Fèrèsé tì pa, òkè pátápátá sì ni fláàtì náà wà. Bàtà rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú tiwa.

Sàká ní nígbà tí àwọn obìnrin ń pariwo ló yọ́ kọjá lára wa. Ó ní oníyàwó méjì ni, ó sá fún ìyàwó àkọ́kọ́, Agnes ń bò ó láṣìírí. Títí dòní ló ń sọ ọ́. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n ìwọ lo fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn láti ìgbà tí Mummy ti wọlé, Sàká, ṣé inú ikùn rẹ ló gbà kọjá?

A sọ ọmọ náà ní Ọpẹ́yẹmí. Bàbá rẹ̀ kò gbọ́ ọ.

Tinúọlá tọ́ ọmọ rẹ̀. Kò fẹ́ ẹlòmíràn. Mummy kú pẹ̀lú ẹ̀dùn náà, wọ́n ń wí pé ẹbí làwọn wá fún ọmọ, ẹbí làwọn wá. Mo bi Tinúọlá nígbà kan ìdí tí kò fi wá ọkọ rẹ̀ kiri. Ó ní, “Aunty, èmi náà ti wà nínú àwọn tó mọ̀ báyìí. Bí mo bá rí i, mo tún lé e lọ nìyẹn.”

Ọdún tí wọ́n ní ká dìbò bóyá ká dúró nínú ẹgbẹ́ Yúróòpù yìí tàbí ká jáde, Tinúọlá sọ fún mi pé òun dìbò pé ká jáde. Mo fẹ́ẹ̀ gbá a létí! Mo ní ṣé orí rẹ pé, ìwọ nọ́ọ̀sì, ìwọ àlejò? Ó rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, “Bó bá wà níbì kan lórí ilẹ̀ yìí, àwọn èèyàn rẹ̀ kò ní máa rọ́ wọlé mọ́. Á lè sinmi.” Mo dì mọ́ ọn.

Ọpẹ́yẹmí ti di àgbà báyìí, ó ga bíi bàbá rẹ̀, Yorùbá ẹnu rẹ̀ ń ta gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kọ́ ọ ní ẹ̀kọ́ ilé: bí obìnrin bá pè é, á dáhùn “Mà”, bí ọkùnrin àgbà bá pè é, á dáhùn “Sà”. Èyí èkejì yìí, kò rí ẹni lò ó fún nínú ilé wọn.

Ìgbà òtútù tó kọjá ni Sherifat, ọmọ àbúrò mi, tó ti Èkó wá láìpẹ́ yìí, lọ ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó ní erékùṣù kékeré kan lókè Scotland. Ó fóònù mi, inú ń bí i. “Aunty, ẹ gbà mí. Òyìnbó kan tó ń gé ẹja létí òkun níbí kí mi ní Yorùbá. Ó ní, ‘Mummy, ẹ kú àárọ̀ o. Pánla ni àbí òbòkún?’ Èmi! Mummy!”

Mo ní kí ló tún wí. Ó ní ó bi òun níbi tí òun ń gbé ní London, òun ní Peckham. Ọkùnrin náà wá ní, “Kí ni wọ́n sọ ọmọ náà?” Sherifat ní, “Ọmọ wo?” Ọkùnrin náà padà sídìí ẹja rẹ̀.

Mo gun àtẹ̀gùn lọ sókè, mo sọ ọ́ fún Tinúọlá. Mo ní dìde, gbé báàgì rẹ, èmi náà á tẹ̀lé ọ. Ó jókòó, ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ó ní, “Ẹ má jẹ́ kí n lọ, Aunty. Mo bẹ̀ yín, bí mo bá dìde, ẹ dì mí mú.” Ó ní kí Sherifat padà síbẹ̀. Kó má sún mọ́ ọn. Kó má pè é ní Tarmo. Kó kàn pe orúkọ ọmọ náà sókè, bí ẹni ń pe ọmọ tirẹ̀.

Ọjọ́ kejì, lọ́sàn-án gangan, Tinúọlá wà ní pálọ̀ mi, fóònù wà lórí tábìlì, ohùn rẹ̀ jáde síta. Ọpẹ́yẹmí wà lókè ní fláàtì wọn, ó ń kàwé. A ń gbọ́ atẹ́gùn òkun níbi tí Sherifat wà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo: “Ọpẹ́yẹmí! Ọpẹ́yẹmí o!” Lẹ́yìn náà ló rọra fẹnu mọ́ fóònù.

“Ó kẹ̀yìn sí mi. Ọ̀bẹ ọwọ́ rẹ̀ ti dúró. Kò bojú wẹ̀yìn o. Aunty, ó pe orúkọ náà. Ó pè é lẹ́ẹ̀kan.”

“Ṣé ó pè é dáadáa?” Tinúọlá bi í.

“Ó pè é dáadáa. Ó pè é bí ọmọ wa.”

Tinúọlá bú sẹ́kún. Lórí wa, a gbọ́ tí àga wọ́ nílẹ̀, tí ẹsẹ̀ rìn lọ sápá ilé ìdáná wọn, tó dúró níbẹ̀. Kò pẹ́, Ọpẹ́yẹmí sọ̀ kalẹ̀ wá kanlẹ̀kùn wa, ó wà láìwọ bàtà, ojú rẹ̀ ń wá ẹnìkan.

“Mummy, ta ló wá? Ẹnìkan pè mí nínú kítíìnì. Mo débẹ̀, kò sí èèyàn, ẹ̀rọ omi ló ń sá.”

Tinúọlá di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. “Ṣé o dáhùn?”

“Mo dáhùn. Mo ní ‘Sà.’”